Àpótí Tó Rò Pé Òun Ń Gòkè

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọmọ ìyá mi ni ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí. Nínú ilé wa, èmi ni mo mọ ẹni tó bí ẹni àti ẹni tó fẹ́ ẹni, n kò sì tíì gbọ́ rí pé wọ́n pe ọ̀kan nínú wa ní òpùrọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọ egungun. Kí n tó fọwọ́ kan bírò, mo bi í bóyá kí n kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ ni, àwa ará ilé sì ti fi sùúrù yọ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má fi iyọ̀ sí i.

Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ohun tó wúwo tó sì gbọ́dọ̀ gòkè, òun ni wọ́n máa ń wá: ẹ̀rọ tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ tó ń gbé irin, lífítì tó ń gbé ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá. Nínú lífítì, ẹ́ńjìnnì kan ló ń fa wáyà irin, wáyà irin á sì fa yàrá kékeré tí ènìyàn ń wọ̀. Àpótí kan wà lára ògiri tó ń fún ẹ́ńjìnnì náà ní iná, tó ń sọ fún un pé rọra, yára, dúró. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní ojú, ìyẹn nǹkan roboto kan ní ìdí wọn tó ń jẹ́ kí àpótí mọ ibi tí ẹrù dé. Àwọn mìíràn kò ní. Afọ́jú ni àwọn oníṣẹ́ ń pè wọ́n.

Afọ́jú kò burú. Bó bá jẹ́ omi ló ń fà, tàbí ẹrù tó ń wọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àpótí tó bá ẹ́ńjìnnì dọ́gba ti tó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òkè ló ń gbé nǹkan lọ, àpótí afọ́jú gbọ́dọ̀ ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ìgbà tí ẹrù bá dúró lófuurufú, tí búréèkì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì máa ń béèrè agbára jù. Àpótí kékeré kò ní rí i fún un. Èyí tó wá burú jù ni pé kò lójú tí yóò fi rí i pé ẹrù ń bọ̀ nílẹ̀. Yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹnjiníà fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní oríkì. Wáyà là ń pe ọmọ náà, nítorí pé wáyà ni nǹkan àkọ́kọ́ tó fi eyín rẹ̀ jẹ. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti máa ń bi í lórí oúnjẹ.

"Ohun tó bá ń gbéra sókè ńkọ́?"

"Àpótí ẹ̀ á jù ú lọ," ni ọmọ á dáhùn.

"Bí kò bá jù ú ńkọ́?"

"Á máa rò pé òun ń gòkè."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á mú ẹran kan kúrò nínú àwo tirẹ̀, á fi sí tọmọ. Nígbà tí Wáyà dàgbà, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ náà ló yàn.

Ilé ìwòsàn kan wá gbé iṣẹ́ lífítì fún Ẹnjiníà. Ihò tí àwọn kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀ há. Kò gba irin adọ́gba tó máa ń wà lẹ́yìn lífítì láti ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Gbogbo ẹrù, ọrùn ẹ́ńjìnnì ni yóò wà, afọ́jú sì ni ẹ́ńjìnnì náà. Ẹnjiníà mọ̀. Ó sọ fún Mátíróònù, obìnrin tó ń ṣe olórí ibẹ̀, pé àpótí ńlá ni iṣẹ́ náà gbà, òkè òkun ni yóò sì ti wá.

"Ìgbà wo ni yóò dé?" ni Mátíróònù bi í.

"Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, mà."

"Sùúrù wo, Ẹnjiníà? Àwọn nọ́ọ̀sì mi ń gbé aláìsàn gun àtẹ̀gùn bí ẹni ń gbé àga. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá ṣí ilé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹ ní ká ṣe sùúrù? Tàbí kí n wá ẹlòmíì?"

Ẹlòmíì! Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, wọn kò tíì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ rí.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àpótí kan wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, tuntun, tó bá ẹ́ńjìnnì náà dọ́gba rẹ́gí. Ó wò ó, ó mójú kúrò. Ó tún wò ó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, aláìsàn wo ló sanra? Ìgbà wo ni èrò á kún inú yàrá yẹn? Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni, títí èyí tó tóbi á fi dé.

Ẹ̀yin ará mi, "fún ìgbà díẹ̀" ti tú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ká.

Ó rán Wáyà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó sì lọ fúnra rẹ̀ lọ kan àpótí kékeré náà mọ́ ògiri. Ó kó àpò iyanrìn sínú yàrá lífítì ní ìwọ̀n ẹrù kíkún, ó gbé e sókè, ó dá a dúró lágbedeméjì, ó ní kó tún máa lọ. Àpótí pariwo, iná pupa tàn lára rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé, "Ọ̀gá, èyí ju agbára mi lọ."

Ọ̀gá kò gbọ́. Ó yí èyí, ó yí tọ̀hún nínú àpótí náà títí ó fi pa ìkìlọ̀ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń yọ àpò iyanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí lífítì fi gbéra láìgbọ̀n. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ẹni mẹ́fà lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni mẹ́wàá ni wọ́n fín sára irin nínú yàrá náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é wá. Bó bá yọ irin náà, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó wá pe Ká-Ròkè sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ká-Ròkè ni bàbá àgbàlagbà tí wọ́n gbà láti máa darí lífítì náà. Bí ilẹ̀kùn bá ti ń pa dé ló máa ń kígbe pé, "Ó yá, ká ròkè!" Ibi tí wọ́n bá tilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tó máa wí náà nìyẹn.

"Bàbá, ìsàlẹ̀ là ń lọ o," ni àwọn nọ́ọ̀sì á wí.

"Mo mọ̀. Ẹnu mi ni kò mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀."

Ẹnjiníà sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ju ẹni mẹ́fà lọ."

"Mẹ́wàá ni mo rí tí wọ́n kọ síbí."

"Mo mọ ohun tí wọ́n kọ. Mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú yín ni o."

"Ó parí," ni Ká-Ròkè wí. "Ẹni tó fọwọ́ mọ ìkòkò ló mọ ibi tó ti sán."

Bàbá náà sì pa á mọ́. Ẹni keje kì í wọ lífítì rẹ̀. Mátíróònù fúnra rẹ̀ dúró síta lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá gbé ibùsùn aláìsàn wá, Ká-Ròkè á ka ibùsùn náà mọ́ ènìyàn, á ní irin kì í ṣe ìyẹ́ adìyẹ.

Ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, dókítà kan ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn wá, wọ́n ń kánjú. Ká-Ròkè na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ò lè kàwé ni?" ni dókítà wí. "Mẹ́wàá ni wọ́n kọ!"

"Mo lè kà, dókítà. Mo sì ti ka ẹ̀yin náà. Ẹ pọ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tì í wọlé pẹ̀lú ara wọn. Lífítì gòkè, ó dúró, ẹnì kan wọlé. Nígbà tó fẹ́ tún gbéra, ó yọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Igbe ta. Ó kù díẹ̀ kó kan àjà ìsàlẹ̀ kí búréèkì tó gbá a mú. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì Mátíróònù.

Dókítà rojọ́ tirẹ̀. Ó kan Ká-Ròkè.

"Èmi ò fẹ́ gbé wọn," ni bàbá náà wí. "Ẹnjiníà tó jókòó yìí ló ní kí n má gbé ju mẹ́fà."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ẹnjiníà. Mátíróònù ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

Ó sọ fún mi pé òun ro ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè tó kàn ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́fà? Ìbéèrè yẹn ni kò lè dáhùn láìjẹ́ pé gbogbo aṣọ bọ́ lára rẹ̀.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mẹ́wàá ni ẹ̀rọ yẹn ń gbé. Bàbá ló tẹ bọ́tìnì nígbà tí ilẹ̀kùn kò tíì pa dé. Ọjọ́ orí ni, kì í ṣe ẹ̀bi wọn."

Ká-Ròkè kò pariwo. Ó wò ó bí ẹni tó bá ọmọ tirẹ̀ nídìí olè.

"Ẹnjiníà," ló ní, "ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Èkejì rọrùn ju èkíní lọ. Bí irọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá náà, wọ́n ní kó máa lọ sílé sinmi. Wọ́n tún ní kò sídìí láti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀, kí olúkúlùkù máa tẹ bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Báyìí ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ pé "ó tó" ṣe kúrò lẹ́nu ọ̀nà lífítì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àpótí ńlá dé láti òkè òkun. Ẹ ó ní kí ló kù? Kó gbé e lọ, kó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe láìdá lífítì dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Mátíróònù yóò sì bi í pé kí ló ṣe èyí tó ní ó ń gbé ẹni mẹ́wàá. Irọ́ rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ó tẹ́ aṣọ bo àpótí náà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ta ló ni ẹrù tí ẹ bò bí òkú yìí?" ni Wáyà bi í.

"Oníbàárà kan ni."

"Kí ló fẹ́ fi gbé?"

"Gbé ẹnu ẹ kúrò níbẹ̀, jàre."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò lè rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ọ́ di àṣà láti máa yà sí ilé ìwòsàn náà, á dúró sẹ́bàá lífítì bí ẹni tó ń retí ẹnì kan, á máa ka orí àwọn tó ń wọlé. Bí wọ́n bá ti pọ̀, á máa tẹ́tí sí wáyà irin títí wọ́n fi dé òkè. Kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Kò sì lè lọ sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè nàró mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí àjà òkè pátápátá. Wáyà ṣì ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí lóde. Nọ́ọ̀sì kan àti ọkùnrin kan ti ibùsùn rẹ̀ wọnú lífítì, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò wa ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e, èmi náà sì wọlé.

Ẹnjiníà rí irin tí wọ́n fín. Ó rí wa. Ó kà wá, ó ka ibùsùn onírin náà mọ́ wa. Ó fẹ́ kígbe. Atẹ́gùn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó na ìka márààrún, ó pa wọ́n dé, ó tún na ẹyọ kan.

"Ó ń kí yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n lóhùn.

"Baálé, a ti rí yín," ni àbúrò wa kékeré wí. "Ẹ máa sinmi. Ẹ kò ní í ka owó fún wa níbí."

Ó tún na márùn-ún. Ó tún na ẹyọ kan. Òógùn bò ó lójú.

Lífítì gòkè, ó sì dúró lágbedeméjì. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó aṣọ ibùsùn kún. Wọ́n wò wá, wọ́n lọ́ tìkọ̀.

Ta ló ní kí wọ́n wọlé? Èmi ni.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ," ni mo wí, mo sì na ọrùn. "Mẹ́wàá ni wọ́n kọ. Ọwọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ yìí ló ṣe é."

Ọwọ́ òsì náà ṣì wà lókè, ó ń na, ó ń pa dé. Mo rò pé ara ló ń ni ín. Mo mú ọwọ́ náà, mo tẹ̀ ẹ́ sí i láyà, mo ní, "Sinmi, ọmọ ìyá mi." Ó ń ti ọwọ́ mi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn pa dé.

Ohun tí n kò ní gbàgbé ni iná kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn, tó ń fi àjà tí a dé hàn. Àpótí ló ń sọ fún un. Ara wa ń lọ sísàlẹ̀, ọkàn wa ti bọ́ sí wa lẹ́nu, iná náà sì ń tàn lọ sókè, ó ń sọ fún wa pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Àwọn irin ààbò abẹ́ lífítì ló là wá. Wọ́n bu irin ẹ̀gbẹ́ ògiri jẹ, a sì dúró lójijì tí gbogbo wa fi wó lu ara wa. Iná kú. Ibùsùn fò, ó tẹ apá ìyàwó Ẹnjiníà mọ́ ògiri. A gbọ́ bí egungun náà ṣe dún. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, kò ké mọ́.

Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò lè yí ọrùn wò ó. Kò lè pe orúkọ rẹ̀. Nínú òkùnkùn náà, ó ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń bá a pè é.

Wáyà ló gun yàrá ẹ́ńjìnnì lókè lọ, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà títí a fi jáde. Lẹ́yìn náà ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀, ó sì rí àpótí kékeré náà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá bàbá rẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀, ó kọ́kọ́ nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ títí, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán.

"Bàbá," ló wí, "ohun tó bá ń gbéra sókè ńkọ́?"

Ẹnjiníà di ojú rẹ̀.

"Àpótí ẹ̀ á jù ú lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó sún mọ́ ibùsùn. "Èyí tẹ́ ẹ bò ní ṣọ́ọ̀bù, ti ibí ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà yẹn. Apá ìyá mi wà nínú ìdì, Bàbá. Ẹ lajú, ẹ wò mí."

Ó lajú. Omi ló wà níbẹ̀. Wáyà dúró títí, ó ń retí ọ̀rọ̀ tí òun náà mọ̀ pé kò lè jáde. Ó wá bọ́ síta, ó sì lọ wá Ká-Ròkè.

Bàbá náà wá, ó di fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Mátíróònù náà wà níbẹ̀. Ká-Ròkè kọjú sí ẹni tó dùbúlẹ̀ náà.

"Ẹnjiníà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ lè sọ ọ́, ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ sọ. N kò bá ìjà wá. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ìyá yìí gbọ́. Ẹni mélòó lẹ ní kí n máa gbé?"

Ọwọ́ òsì gbéra. Ìka márààrún là, wọ́n pa dé. Ẹyọ kan dìde.

"Mẹ́fà," ni Mátíróònù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọwọ́ yẹn náà ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú lífítì.

Mátíróònù bẹ Ká-Ròkè, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ní Wáyà ti ń gbé àpótí ńlá náà bọ̀. Bàbá náà dé fìlà rẹ̀.

"Ó ṣeun, ìyá. N kò ní padà. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀ báyìí."

Ó jáde, a sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹnu yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lò ó. Èmi kò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tí n lè yọ nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé Ẹnjiníà kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti lọ, ìka kan náà ṣì wà lókè, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti orí ibùsùn kejì, èmi náà sì dúró tì í. N kò gbójúgbóyà láti mú un.